Ẹni Tí Mo Kí ní "Ẹ Kú Iṣẹ́" Létí Omi

Mo wọ gíláàsì ojú mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, torí gbogbo ẹni tí mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń bi mí ni pé ṣé mo wọ gíláàsì. Mo wọ̀ ọ́. N kò mutí, n kò sì tòògbé. Mo ti jẹun pàápàá, búrẹ́dì pẹ̀lú ẹyin méjì. Ẹni tó bá fẹ́ gbà mí gbọ́, kó gbà mí gbọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó lọ sí etí omi Mariners Harbor láàárọ̀ tí kùrukùru bá bolẹ̀, kó lọ fojú ara rẹ̀ rí i.

Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe ní Abẹ́òkúta fún ọdún mọ́kànlélógún kí n tó wá sí New York. Níbí, àwọn àgbàlagbà ni mo ń tọ́jú nínú ilé wọn. Park Hill ni mo ń gbé, ní Staten Island, níbi tí àwa ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà pọ̀ sí débi pé òórùn ọbẹ̀ orílẹ̀-èdè mẹ́ta ló máa ń wà nínú ẹ̀rọ agbéniròkè lẹ́ẹ̀kan náà. Tíṣà ni gbogbo ilé ṣì ń pè mí.

Ẹni tí wọ́n ní kí n máa tọ́jú ni Mama Dora. Éjẹ́ńsì tó gbà mí síṣẹ́ sọ pé Dora lásán ni kí n máa pè é. Mo ní ẹnu mi kò lè gbé e. Ẹni ọdún mọ́kànléláàdọ́rùn-ún! Mo fi Mama sí i, inú rẹ̀ sì dùn. Òun náà bá ń pè mí ní pẹ́pẹ́yẹ.

Ẹ gbà mí gbọ́, ọjọ́ tó kọ́kọ́ pè mí bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ló kù kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Èmi, abiyamọ ọlọ́mọ mẹ́ta! Ìgbà tó rí i pé mo fajú ro ló wá ṣàlàyé pé ní Staffordshire, nílẹ̀ England tí wọ́n ti bí òun, ẹni tí èèyàn bá fẹ́ràn ni wọ́n ń pè ní pẹ́pẹ́yẹ. Ó ní láti ìgbà tí òun ti fẹ́ ará Amẹ́ríkà tí òun sì bá a wá síbí, òun kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì rí ní gbogbo Staten Island. Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ pẹ́pẹ́yẹ yìí sọ́kàn. A ṣì máa padà bá a.

Inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n bí Mama Dora sí. Kì í ṣe pé wọ́n ń rìnrìn àjò lọ o. Ilé wọn nìyẹn. Ó ní kí ọkọ̀ ojú irin tó dé ni wọ́n ti gbẹ́ odò káàkiri Staffordshire. Ọkọ́ àti ṣọ́bìrì ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, kì í ṣe katakata. Kánààlì ni wọ́n ń pè é. Amọ̀ àti èédú ilẹ̀ ni wọ́n ń fi ọkọ̀ kó lọ fún àwọn tó ń ṣe àwo tánganran, wọ́n á sì kó àwo padà. Bí wọ́n bá gbé àwo gba ojú ọ̀nà ìgbà náà, àfọ́kù ló máa dé ọjà. Ojú omi kánààlì kì í gbọ̀n.

Tẹ́ẹ́rẹ́ ni kánààlì, tẹ́ẹ́rẹ́ náà sì ni ọkọ̀. Ó gùn gbọọrọ, ṣùgbọ́n bí ọkùnrin bá dúró láàárín rẹ̀ tó na apá méjèèjì, ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ti òsì. Ẹrù ló gba iwájú àti àárín. Ẹ̀yìn pátápátá ni yàrá wà, kò sì tóbi ju ilé ìwẹ̀ mi lọ. Ibẹ̀ ni bàbá, ìyá, ọmọ márùn-ún àti ààrò onírin ń gbé. Etí odò ni ẹṣin máa ń rìn, okùn gígùn á wà lọ́rùn rẹ̀, á máa fa ọkọ̀ bọ̀.

Mo bi í pé bí odò bá wá gba abẹ́ òkè kọjá ńkọ́? Ó ní wọ́n á mú ẹṣin gba orí òkè. Àwọn ọkùnrin méjì á sùn sẹ́yìn lórí pákó nínú ọkọ̀, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ lé ògiri, wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ rìn lára ògiri nínú òkùnkùn títí wọn á fi jáde ní òdìkejì. Mo ní, "Mama, ẹ̀yin òyìnbó náà jìyà o." Ó ní bàbá òun tó ń jẹ́ Enoch ló mọ̀ ọ́n rìn jù.

Ó sì kọ́ mi ní òfin kan. Bí ọkọ̀ méjì bá pàdé, ẹni tó bá fẹ́ yà fún èkejì á dá ẹṣin rẹ̀ dúró, á dẹ okùn, okùn á rì sínú omi, ọkọ̀ kejì á sì gba orí rẹ̀ kọjá. Kò sí ariwo, kò sí èébú. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ kò bá lè dúró ni wọ́n ń yà fún. Mo ní ká ní àwọn awakọ̀ New York lè kọ́ èyí!

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọkọ̀ kò fún un. Ọkọ̀ kì í dúró. Lónìí wọ́n wà níbí, lọ́la wọ́n ti lọ. Ilé ìwé wo ló máa gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀? Ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n fi í sí ilé ìwé nígbà kan tí omi dì, tí ọkọ̀ kò lè lọ. Bí omi ṣe yọ́, bàbá rẹ̀ wá mú un ní ẹnu géètì kí aago ìjáde tó lù. Bẹ́ẹ̀ ni Mama Dora ṣe dàgbà láìmọ̀wé, tó sì fi í pamọ́ fún gbogbo ayé.

Báwo ni mo ṣe mọ̀? Ó ní káàdì kan tó gbé sórí pẹpẹ, ó ní ọmọ òun Linda ló fi kí òun kú ọjọ́ ìbí. Lọ́jọ́ kan tí mo ń nu eruku, mo kà á. Dókítà eyín ló fi ránṣẹ́, ó ní kí wọ́n wá fọ eyín. Ọdún méjì ló ti wà lórí pẹpẹ.

N kò rẹ́rìn-ín. Ó dára, mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú ilé ìdáná ni mo ti rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó tì í, mo bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì sunkún. Ó wá na ọwọ́ sí agolo omi kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Agolo tí ìyá rẹ̀ fi ń pọnmi lórí ọkọ̀ ni, wọ́n ya òdòdó róòsì àti ilé olódi sí i lára. Ó fa lẹ́tà kan yọ nínú rẹ̀, ojú ìwé mẹ́ta.

Linda ló kọ ọ́. Òun nìkan ni Mama Dora bí. Nígbà tí Linda wà ní ilé ìwé, Mama rẹ̀ kì í ka káàdì ìdánwò rẹ̀, kì í sì í fọwọ́ sí i. Linda rò pé kò ka òun sí ni. Bó ṣe pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, tí bàbá rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ afàkọ̀, èyí tó ń fa ọkọ̀ òkun wọ èbúté, sì ti kú, Linda kẹ́rù, ó fi lẹ́tà sórí tábìlì, ó sì lọ sí Arizona. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí. Ọdọọdún ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù nígbà Kérésì, ọ̀rọ̀ òtútù àti ooru sì ni wọ́n ń sọ. Linda ń rò pé ìyá òun ti ka lẹ́tà náà tó sì dákẹ́.

Mo ní kí n kà á fún un. Ó gbá agolo náà mọ́yà. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ọmọ mi ni. Ojú tèmi ni màá fi kà á kí n tó kú."

Èwo ni kí tíṣà tún ṣe? A bẹ̀rẹ̀ láti A. Éjẹ́ńsì rò pé aṣọ ni mò ń ká ní gbogbo ọ̀sán. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, Mama Dora ti ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ, ó sì ti parí ojú ìwé àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n dókítà ti pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́jọ́ kan, ó ní ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ gan-an, kí a má fi oṣù ka ọjọ́ tó kù.

Ó dára. Ẹ jẹ́ ká wá dé orí ọjọ́ yẹn.

Àárọ̀ ni. Mo sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì lójú Richmond Terrace. Kùrukùru ti bo gbogbo omi, n kò lè rí New Jersey tó wà ní òdìkejì, ìyẹn kò sì dùn mí. Ilé Mama Dora kọjú sí omi, kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ọkọ̀ òkun kan ń fọn fèrè níbì kan. Bó ṣe dákẹ́ ni mo gbọ́ pàṣán. Tààà!

Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, tèmi náà kò balẹ̀.

Ẹṣin ni mo kọ́kọ́ rí. Ẹṣin pupa ràbàtà kan ni, ó ń rìn bọ̀ létí omi, ó dé fìlà òwú aláràbarà sí etí rẹ̀ méjèèjì. Fìlà! Irú èyí tí èèyàn ń hun fún ọmọ tuntun. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkùnrin kan, àgbàlagbà, ó so aṣọ pupa mọ́rùn, ó di bẹ́líìtì tó fẹ̀ mọ́nú, ó ká okùn sí èjìká, ó ń làágùn nínú òtútù yẹn.

Nísinsìnyí, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ Yorùbá, ẹ dá mi lẹ́jọ́. Bí ẹ bá bá àgbàlagbà lẹ́nu iṣẹ́, tó ń làágùn, kí ni ẹnu yín máa sọ? Ṣé ẹ máa dúró bèèrè bóyá ó wà láàyè? Ará Amẹ́ríkà máa wo fóònù rẹ̀ kọjá ni. Èmi ńkọ́? Ọgọ́ta ọdún ni mo ti fi ń kí èèyàn. Kí n tó mọ̀, orúnkún mi ti wálẹ̀ díẹ̀, ẹnu mi sì ti là.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà!"

Ẹṣin ló kọ́kọ́ dúró. Ọkùnrin náà yíjú sí mi, ó wò mí títí. Ó fọwọ́ kan fìlà orí rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó wà ní ilé ìsìn lọ.

"Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti kí mi gbẹ̀yìn," ló wí. "Bá mi di èyí mú, pẹ́pẹ́yẹ."

Okùn ti wà lọ́wọ́ mi. Ó tutù, omi ń ro láti ara rẹ̀. Mo ti ń ronú pé bóyá àwọn tó ń fi ẹṣin gbé àlejò kiri ni, kí ọ̀rọ̀ tó sọ tó wá yé mi. Pẹ́pẹ́yẹ. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń pe èèyàn ní pẹ́pẹ́yẹ ní gbogbo Staten Island, ó sì wà nínú ilé, ó ń dúró kí n wá po ògì òyìnbó rẹ̀.

Mo fi ojú tọ okùn náà lọ sójú omi. Kí ni mo rí? Ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, gbọọrọ, èéfín ń rú lẹ́yìn rẹ̀. Òdòdó róòsì àti ilé olódi wà lára rẹ̀, bí mo ṣe ń rí wọn lára agolo omi lójoojúmọ́. Ọkọ̀ afàkọ̀ ńlá kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìgbì omi fọ́ lu òkúta níwájú mi. Ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn kò gbọ̀n rárá. Ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀, mo sì rí ibùsùn kékeré kan tí wọ́n ti tẹ́ dáadáa, ti ẹnì kan ṣoṣo.

Ẹ má bi mí bó ṣe ré òkun Àtìláńtíìkì kọjá. Èmi tí wọ́n kọ̀ láti fún ní físà lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní Èkó, tí mo gbé ìwé ilé, ìwé ìgbéyàwó àti fọ́tò ọmọ dé ojú fèrèsé wọn! Ẹṣin tó ti kú kàn rìn wọlé ni, ó tún dé fìlà.

Ọkùnrin náà fi pàṣán nawọ́ sí fèrèsé Mama Dora. Ó ní, "Mo wá mú ọmọ mi. Àkókò ti tó."

Mo fẹ́ gbàdúrà. Ẹ gbà mí gbọ́, mo mọ Sáàmù tó pọ̀, ẹgbẹ́ akọrin Mẹ́tọ́díìsì ni mo wà láti kékeré. Kò sí ọ̀kan tó wá. Gbogbo Sáàmù sá lọ. Ohun tó wà lẹ́nu mi ni ohun tí mo fi ọdún mọ́kànlélógún sọ ní ẹnu géètì fún gbogbo òbí tó bá wá fa ọmọ jáde ní kíláàsì kí ó lè lọ bá wọn ṣiṣẹ́.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà. Ilé ìwé kò tíì jáde."

Ó dúró. Ó ṣí fìlà orí rẹ̀, ó ń yí i lọ́wọ́, àfi bí gbogbo bàbá tó máa ń dúró níwájú tíṣà. Ìyẹn ló kì mí láyà díẹ̀.

"Kí ló ń kọ́?" ló bi mí.

"Ìwé kíkà ni. Lẹ́tà ọmọ rẹ̀ ni a ń kà. Ojú ìwé kan ló tíì kà nínú mẹ́ta."

"Dora? Ìwé?" Ó wo fèrèsé náà. Ó tún wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ sí i, "Èmi ni mo mú un kúrò. Amọ̀ wà nílẹ̀ tí a fẹ́ kó."

Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Mo ní òkú ló wà níwájú mi, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí.

Ó gba okùn lọ́wọ́ mi, ó sì dẹ ẹ́. Mo rí i bí okùn náà ṣe ń rì díẹ̀díẹ̀ sínú omi títí n kò fi rí i mọ́. Ó yà fún wa. Ó ní, "Bó bá ti kà á tán, màá padà." Kùrukùru bo òun àti ẹṣin àti ọkọ̀. Nígbà tó ká, èmi nìkan ló wà létí omi pẹ̀lú ìgbẹ́ ẹṣin, ó ṣì ń rú èéfín. Mo mọ̀ pé ìgbẹ́ gidi ni. Mo tẹ̀ ẹ́.

Mo wọlé. Mama Dora gbé imú sókè lórí ibùsùn.

"Ẹṣin," ló wí. "Kitty bàbá mi ni. Ṣé bàbá mi dẹ okùn?"

Mo ní ó dẹ ẹ́, mà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "A jẹ́ pé ó ń dúró. Mú lẹ́tà wá, jẹ́ ká ṣe kíá."

Ẹ wo ọ̀ràn! Èmi ń wá bí a ṣe máa lọ́ra, òun ń wá bí a ṣe máa yára. Mo ní kó kọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ó kọ ọ́. Mo ní ká tún ojú ìwé kìíní yẹ̀ wò. Ó ti mọ̀ ọ́n lórí. Mo ní lónìí ìsinmi ni, ọjọ́ àwọn tíṣà lágbàáyé. Ó ní irọ́ ni mò ń pa. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé kejì.

Nígbà náà ni mo ṣe ohun tí n kò ṣe rí láyé mi. Nígbà tó sùn lọ́sàn-án, mo yọ ojú ìwé kẹta nínú agolo, mo fi í sáàárín Bíbélì mi, mo gbé e lọ sí Park Hill. Mo sọ fún ara mi pé n kò jí i. Mo kàn fẹ́ kí Mama Dora wà láàyè ni. Ẹ̀yin tí ẹ máa bú mi, ẹ kọ́kọ́ fẹ́ràn ẹnì kan tí dókítà ti ka ọjọ́ rẹ̀, kí ẹ tó bú mi.

Ọjọ́ kejì, ó ka ojú ìwé kejì dé òpin. Ìlà tó kẹ́yìn ni: "Mama, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí n tó lọ ni pé". Ibẹ̀ ló tán sí. Ó fọwọ́ wá inú agolo. Ó dojú agolo dé sórí ibùsùn, ó gbọ̀n ọ́n. Kò sunkún. Ó ní, "Bóyá ojú ìwé méjì ló kọ, tó jẹ́ pé èmi ni mo ṣì í kà," ó sì ká méjèèjì padà. N kò lè wo ojú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi rí bẹ́ẹ̀, ó sì jẹ́ pé ojoojúmọ́ ló ń ka ìlà yẹn, á sì máa wo omi.

Ọ̀sán Sátidé, mo wà nílé, mò ń lọ aṣọ. Àlàájà tó ń gbé nítòsí mi, ará Ìbàdàn tó dàgbà jù mí lọ, kan ilẹ̀kùn mi.

"Tíṣà, jáde wá. Wá wo thing tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ."

Ìgbẹ́ ẹṣin ni. Ní àjà kẹfà! Òkìtì kan gbáko, lórí táìlì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Okùn tútù sì wà lára ọwọ́ ilẹ̀kùn mi, wọ́n so ó ní kókó tí n kò rí irú rẹ̀ rí. Alámòójútó ilé ti dé, ó gbé mọ́ọ̀pù dání, ó ń bi mí pé irú ajá wo ni mo ń sìn, ṣé n kò mọ̀ pé ìwé lease mi kò fàyè gba ẹran. Mo ní èmi kò ní ajá. Ó wo ìgbẹ́ náà, ó wò mí, ó ní bó bá jẹ́ pé ajá ló yàgbẹ́ yìí, òun fẹ́ rí i.

Ìgbà tó lọ, Àlàájà fà mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Kí lo mú tí kì í ṣe tìrẹ?" Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Àlàájà, ẹ fi mí sílẹ̀, I swear, n kò mú nǹkan kan."

"Tíṣà." Ó mú ọwọ́ mi. "Ẹṣin kì í ṣàdédé gun àjà kẹfà. Lọ dá a padà."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ bí ìsọkúsọ. Lánàá ọjọ́ Ajé, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Mama Dora, mo yọ ojú ìwé kẹta nínú Bíbélì mi, mo gbé e lé e lọ́wọ́. Ojú tì mí, ẹ̀kún sì gbà mí. Mo ní kó dárí jì mí.

Ó ní, "Mo mọ̀, pẹ́pẹ́yẹ. Etí ìwé náà ń yọ lára Bíbélì rẹ ní gbogbo ọjọ́ náà. O kò mọ olè é jà."

"Mama, kí ló dé tí ẹ kò sọ̀rọ̀?"

"Torí pé ẹ̀rù ń bà ọ́." Ó fi ọwọ́ gbá ìwé náà kó tẹ́. "Ẹ̀rù ń ba èmi náà díẹ̀."

Kò kà á. Ó ní ọ̀la ni, láàárọ̀, nígbà tí ojú òun mọ́. Ó ní kí n tẹ Linda láago, kí n sọ fún un pé kó dúró ti fóònù ní aago mẹ́sàn-án wa, kí n má sọ ìdí. Ó fẹ́ ka ojú ìwé kẹta sókè sí etí ẹni tó kọ ọ́. Linda yóò gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń kàwé fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ láago. Linda bi mí pé ṣé Mama òun ti kú ni. Mo ní rárá, ó ní iṣẹ́ ilé ìwé tó fẹ́ fi hàn yín.

Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ń kọ èyí sórí fóònù mi. Aago méje ààbọ̀ ti kọjá. N kò rí ojú omi. Kùrukùru ti bò ó láti ilẹ̀ dé òkè, ẹni tó jókòó níwájú mi sì ń sọ pé òun gbọ́ nǹkan tó dún bíi pàṣán. Mo gbé Bíbélì mi tó nípọn jù lọ dání. Bí Enoch bá dé, màá sọ fún un pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti Jẹ́nẹ́sísì ni, kò sì sí orúkọ kan tí a máa fò. N kò mọ̀ bóyá ó máa gbà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ lápá ibí yìí, ẹ gbọ́ o. Bí kùrukùru bá bolẹ̀ tí ẹ rí àgbàlagbà tó ń làágùn lẹ́nu iṣẹ́ létí omi, ẹ kọ́kọ́ wo etí ẹṣin rẹ̀. Bó bá dé fìlà, ẹ di ẹnu yín mú. Mo mọ̀ pé kò rọrùn. Bí ẹ bá sì ti kí i kí ẹ tó rántí, tó na okùn sí yín, ẹ sọ fún un pé ilé ìwé kò tíì jáde. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ òótọ́ o. Ó máa bi yín ní ohun tí ọmọ rẹ̀ ń kọ́.